Ṣé Atẹ́gùn Lásán Lè Dojú Bàálù Kékeré Dé Nígbà Tí Ó Bá Ń Gbéra?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá awakọ̀ òfurufú. Bódìjà níbí ní Ìbàdàn ni mo ń gbé, aṣọ ni mo sì ń tà. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 22, ń kọ́ iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ní oṣù tí ó kọjá, òun àti olùkọ́ rẹ̀ jọ wà nínú bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ iwájú bàálù náà ti kúrò nílẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn kan ṣàdédé gba ọwọ́ ọ̀tún kọlù wọ́n. Ó gbé apá ọ̀tún sókè, apá òsì ha ilẹ̀, bàálù náà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sáré wọ inú koríko, ó sì fi imú gúnlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò mú ẹ̀mí lọ. Ọrùn-ọwọ́ olùkọ́ náà kán, ọmọ mi sì fara pa ní èjìká níbi tí bẹ́líìtì ti fà á mú, ọrùn ṣì ń dùn ún títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni pé kálukú ló ní tirẹ̀ láti sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kò sí atẹ́gùn tí í dojú bàálù dé, pé ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀, kí n yọ ọmọ náà kúrò kí ó wá kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Àwọn kan ní olùkọ́ ni kò mọ iṣẹ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní ojú ọjọ́ dára, pé kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ pé atẹ́gùn náà ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé atẹ́gùn lásán lè ṣe irú èyí? Ṣé ẹnìkan ló jẹ̀bi? Ṣé kí n jẹ́ kí ó padà síbẹ̀, bí yóò bá sì padà, kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ewu, ìyá wa, a sì kú orí ire. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ atẹ́gùn rárá, ọ̀rọ̀ ọrùn ọmọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ọrùn tí ó ṣì ń dunni lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí bẹ́líìtì ti fa ènìyàn mú kì í ṣe ohun tí a ń fi òróró pa lásán kí a sì máa wò ó níran. Ẹ jẹ́ kí dókítà egungun yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ya fọ́tò ọrùn náà. Bí ó bá wà nílé, ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà sí yín. Kí dókítà tí ó ń fún àwọn awakọ̀ òfurufú ní ìwé ẹ̀rí ìlera náà gbọ́ sí i, kí ó tó tún jókòó sínú bàálù, nítorí pé ẹni tí kò bá lè yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì dáadáa kò lè wo ojú ọ̀run bí ó ti yẹ.

Ní ti ìbéèrè yín àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, atẹ́gùn lásán lè ṣe é. Mo ti fi ọdún 31 wa ọkọ̀ òfurufú, mo sì fi 14 nínú rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bíi ti ọmọ yín, n kò sì rí ohun kan nínú gbogbo ohun tí ó sọ fún yín tí ó ju agbára atẹ́gùn lọ. N kò ní bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jiyàn lórí àdúrà. Ẹ máa gbà á fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà lé ayé lọ́wọ́, a kì í sábà rántí béèrè àwọn ìbéèrè tí kò ní jẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú Cessna 172S, tí ó wà lára àwọn bàálù tí a mọ̀ jù fún kíkọ́ṣẹ́, kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Pẹ̀lú epo, ẹrù àti àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò 1,157 lọ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra. Ìwúwo mọ́tò kékeré kan ni ìyẹn, nígbà tí bàálù Boeing 737-800 tí ń kó èrò lọ sí Àbújá lè wúwo tó kílò 79,000. Síbẹ̀ apá Cessna yẹn fẹ̀ tó mítà 11 láti orí dé orí, gbogbo ojú rẹ̀ sì lé ní mítà 16 níbùú-lóròó, ìyẹn ni pé ó tó páànù tí a fi bo yàrá kan tí ó jẹ́ mítà mẹ́rin sí mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ń fi páànù ṣe. Páànù tí a fi ìṣó kàn mọ́ igi ni ìjì ń ká kúrò bí ewé. Apá bàálù ní tirẹ̀, a dìídì gbẹ́ ẹ kí afẹ́fẹ́ lè gbé e ni.

Ohun tí ó sì ń gbé e gan-an ni ó yẹ kí ó yé yín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe eré tí táyà ń sá lórí ọ̀dà ni ó ń gbé bàálù sókè, bí kò ṣe eré tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lára apá rẹ̀. Nítorí ìdí èyí ni a fi ń kọjú sí atẹ́gùn nígbà tí a bá fẹ́ gbéra. Eré tí Cessna yẹn nílò kí awakọ̀ tó fa imú rẹ̀ sókè jẹ́ nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 55, ìyẹn bíi kìlómítà 102 ní wákàtí kan. Bí atẹ́gùn nọ́ọ̀tì 10 bá ń fẹ́ kò ó lójú, táyà kò ní ju nọ́ọ̀tì 45 lọ lórí ilẹ̀ kí apá tó rí 55 tí ó ń wá, èrè sì ni ìyẹn. Wàyí o, bí atẹ́gùn náà bá ṣàdédé kú, apá kò rí ju 45 lọ mọ́, bí ó bá sì yí padà tí ó gba ẹ̀yìn wá pẹ̀lú nọ́ọ̀tì 10 kan náà, 35 ni ó kù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé díẹ̀ ni ó dín kò tíì mọ bí ìṣirò náà ṣe rí, nítorí pé agbára tí ń gbé bàálù ń tẹ̀lé eré náà ní ìlọ́po ara rẹ̀: bí eré bá di ìdajì, agbára náà di ìdámẹ́rin. Ní nọ́ọ̀tì 45, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára náà ti lọ. Ní 35, ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju bíi 40 lọ nínú 100. Awakọ̀ kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ́ńjìnì kò yí ohùn padà, ṣùgbọ́n bàálù náà kò lè gbé ara rẹ̀ mọ́.

Ti ọmọ yín gba ẹ̀gbẹ́ wá, èyí sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó fi ń ṣọṣẹ́. Nígbà tí bàálù ṣì wà nílẹ̀ tọwọ́-tẹsẹ̀, ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà, táyà iwájú sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí ó bá ti wà lókè dáadáa, bí atẹ́gùn bá tì í, àyè wà lábẹ́ rẹ̀ tí a lè fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan wà tí bàálù fi ń ṣe ẹsẹ̀ kan ilé, ẹsẹ̀ kan òde: táyà iwájú ti gòkè, kò tọ́ ọ sọ́nà mọ́, táyà ẹ̀yìn ṣì ń fara kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò dì í mú mọ́, apá ti ń gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e tán. Ìgbà náà gan-an ni atẹ́gùn ọ̀tún dé bá wọn. Ó kọ́kọ́ wọ abẹ́ apá tí ó kọjú sí i, ó sì gbé e sókè. Ó tún kọlu ìrù bàálù tí ó nà sókè bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń fẹ́ yí imú rẹ̀ padà síbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Bí apá òsì bá wá ha ilẹ̀ lásìkò yẹn, ńṣe ni ó di ìdákọ̀ró tí ó fa gbogbo bàálù sí apá òsì, wọ́n sì bá ara wọn nínú koríko. Gbogbo rẹ̀ kì í gbà ju ìgbà tí ènìyàn fi mí lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Ọ̀nà wà tí a fi ń kọ́ wọn láti kojú atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́. Awakọ̀ á yí ọwọ́ ìdarí síbi tí atẹ́gùn ti ń wá kí apá ẹ̀gbẹ́ náà má baà gòkè, á fi pẹ́dà ẹsẹ̀ di imú mú kí ó má yà, á sì jẹ́ kí bàálù sáré díẹ̀ sí i ju ti àtẹ̀yìnwá kí ó tó fà á kúrò nílẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ó bá ti kúrò, ó kúrò náà nìyẹn, kò ní tún padà já lu ọ̀dà ní ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo bàálù ni ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìwé Cessna tí mo ń sọ yìí kọ nọ́ọ̀tì 15 sílẹ̀ fún atẹ́gùn tí ó gba ẹ̀gbẹ́ tààrà, ìyẹn bíi kìlómítà 28 ní wákàtí kan, pé òun ni àwọn tí ó dán an wò fi gbéra tí wọ́n sì fi balẹ̀. Ọwọ́ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ni wọ́n fi dán an wò. Kò yẹ kí a gbé e lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ibi tí mo ti fẹ́ fi pẹ̀lẹ́tù bá ọmọ yín jiyàn ni ibi tí ó ti ní kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nínú oṣù kẹta, ní pápákọ̀ òfurufú Alákíà níbí ní Ìbàdàn. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi ti wà ní orí ọ̀nà, a kọjú sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, atẹ́gùn òkun sì rọra ń fẹ́ kò wá lójú bí ó ti máa ń ṣe. Oòrùn ń ràn níwájú wa. Bí mo ti bojú wo òpó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo rí àpò atẹ́gùn, àpò gígùn aláwọ̀ ọsàn tí a fi ń mọ ibi tí atẹ́gùn kọjú sí, tí ó rọ̀ jọwọlọ, tí ó so mọ́ òpó bí aṣọ tí a sá tí kò tíì gbẹ. Àwọn lékeléke tí wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fò bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ nílẹ̀ lọ sídìí igi. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tètè lọ.” Mo ní kí ó dúró. Atẹ́gùn kan tí ó tutù, tí ó ń gbóòórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, gba ojú fèrèsé kékeré ẹ̀gbẹ́ mi wọlé. Àpò yẹn mì lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà, ó sì nà gbọnrangandan sí òdìkejì ibi tí ó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a fi máa yí imú bàálù padà láti kojú rẹ̀, erùpẹ̀ pupa ti bo òpin ọ̀nà tí a kò rí i mọ́, ọwọ́ ìdarí sì ń jà mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹran tí a fẹ́ so. Bí a bá ti sáré lọ nígbà tí ọmọ náà ní ká lọ, ibi tí a ti ń fa imú sókè ni ì bá ti bá wa, láti ẹ̀yìn.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní ilẹ̀ wa kì í ti ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wá. Láti ìlà-oòrùn ni ó ti ń ṣú bọ̀, pàápàá láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, àwọn àgbẹ̀ wa sì mọ̀ ọ́n tipẹ́. Òjò náà ń da afẹ́fẹ́ tútù sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí sì ń sáré ṣáájú rẹ̀, ó lè fi ọ̀pọ̀ kìlómítà ṣáájú ẹ̀kán àkọ́kọ́. Ojú ọ̀nà Alákíà nà láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn sí àríwá-ìlà-oòrùn. Ẹ wá wò ó: awakọ̀ tí ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, tí ó kọjú sí atẹ́gùn òkun kí ó lè gbéra, ti kọ ẹ̀yìn sí ìjì. Ojú ọjọ́ dára lójú rẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé iwájú ni ó ń wò. N kò mọ bí ojú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín ṣe nà, ṣùgbọ́n nígbàkúgbà tí mo bá gbọ́ tí awakọ̀ kan ní “ojú ọjọ́ dára, atẹ́gùn kàn dé ni”, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni pé kí ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà tí a gbà káàkiri àgbáyé ni pé kí a jìnnà sí ìjì tí ó le tí ó ní àrá ní ó kéré tán máìlì 20, a kò sì lè jìnnà sí ohun tí a kò yíjú wò.

Irú èyí tí ó burú jù ni èyí tí ó ń já wálẹ̀ tààrà láti inú òjò, tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní microburst. Lẹ́yìn tí bàálù ńlá kan já ní New York ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1975, ọ̀jọ̀gbọ́n Tetsuya Fujita, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, ni ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, òun ni ó sì fi yé wa pé afẹ́fẹ́ tútù lè dà sílẹ̀ bí omi inú korobá tí a dà sórí sìmẹ́ńtì, tí ó sì fọ́n sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kì í fẹ̀ ju kìlómítà mẹ́rin lọ, kì í sì pẹ́ ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bàálù tí ó bá gba àárín rẹ̀ kọjá á kọ́kọ́ rí atẹ́gùn tí ó kò ó lójú, á rò pé òun rí ìrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ti òkè á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ti ẹ̀yìn á sì gba eré rẹ̀. A kò gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006 ní Nàìjíríà, nígbà tí bàálù ilé-iṣẹ́ ADC tí ń lọ sí Sókótó já lẹ́yìn tí ó gbéra ní Àbújá, tí Sultan Muhammadu Maccido àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn kú sínú rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí sọ pé wọ́n gbéra nínú ojú ọjọ́ tí a mọ̀ pé kò dára, àti pé wọn kò ṣe ohun tí ó yẹ nígbà tí atẹ́gùn yí padà mọ́ wọn. Boeing 737 ni bàálù yẹn o, kì í ṣe kékeré.

Ó ku irú kan tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ó lè dá ọmọ yín láre pátápátá. Ààjà ni. Ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ tí ó gbóná lè gbé afẹ́fẹ́ dìde kí ó sì máa yí po. Àwọn bàbá wa ní ààjà máa ń gbé ènìyàn wọ igbó lọ kọ́ egbòogi. Ohun tí mo mọ̀ ní tèmi ni pé ó lè gbé apá bàálù kékeré. Lórí ilẹ̀ erùpẹ̀, ẹ ó rí ewé àti eruku tí ó ń yí lọ sókè. Lórí koríko àti ọ̀dà, kò sí ohun tí ó máa gbé, ojú kò sì rí i. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ: ṣé òjò rọ̀ níbẹ̀ láàárín wákàtí kan lẹ́yìn ìjàm̀bá náà? Ṣé atẹ́gùn náà tutù? Ṣé ó dúró, tàbí ó kọjá lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Bí ó bá tutù, tí ó ń fẹ́ lọ, tí òjò sì tẹ̀lé e, ìjì tí ó ti ń ṣú tipẹ́ ni. Bí ó bá gbóná, tí ó sì dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ààjà.

Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè wọ̀nyí ni ó máa tọ́ka sí ibi tí ẹ̀bi wà, bí ẹ̀bi bá wà. N kò lè dá ẹjọ́ ohun tí ojú mi kò rí. Olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ọwọ́ ìdarí lè má ráyè ṣe ohunkóhun láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, n kò sì ní bú u nítorí ìyẹn. Ohun tí màá bi í ni ohun tí ó ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ṣé ó ka ìròyìn ojú ọjọ́ tí àwọn NiMet gbé jáde? Ṣé ó bi àwọn olùdarí tí ó wà ní ilé ìṣọ́ bí atẹ́gùn ti rí, tí ó sì fetí sí iye tí ó ń ta gìrì dé, kì í ṣe iye tí ó ń fẹ́ lásán? Atẹ́gùn tí wọ́n ní ó jẹ́ nọ́ọ̀tì 10, tí ó ń ta gìrì dé 22, 22 ni lójú mi. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ìjàm̀bá irú èyí ti ṣẹlẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ ẹ́ńjìnì síwájú.

Nàìjíríà ní àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí. NSIB ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. AIB ni a mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ìwádìí wọn kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, láti mọ ìdí rẹ̀ kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀ ni. Kí ọmọ yín kọ gbogbo ohun tí ó rántí sílẹ̀ báyìí, kí ó tó máa gbọ́ ti àwọn ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀.

Ṣé kí ó padà? Bí ọrùn bá ti san, tí ọkàn rẹ̀ sì ṣì fẹ́ ẹ, kí ó padà. Ẹni tí atẹ́gùn ti gbé apá rẹ̀ sókè rí kì í fojú kéré atẹ́gùn mọ́, irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo sì máa ń fẹ́ wọ bàálù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó mìíràn, ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra yín, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ rí ìwé tí wọ́n kọ iye atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ sí, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọjá, bí ó bá dá wà àti bí ó bá wà pẹ̀lú olùkọ́. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó wà, ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, kò sì yẹ kí ó tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi ìjàm̀bá náà tó NSIB létí. Ẹ wo àpò atẹ́gùn wọn bóyá ó ti ya. Èyí tí ó ti ya, irọ́ ni yóò máa pa. Ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ owó láìtijú: bí a bá fagi lé fífò nítorí ojú ọjọ́, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ń pàdánù owó? Ṣé wákàtí tí olùkọ́ bá fò nìkan ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún? Níbi tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹbí olùkọ́ náà ń retí owó lọ́jọ́ tí ìjì ń ṣú, mo sì ti rí ohun tí ìyẹn ń fa. Kí wọ́n fi í sí àárọ̀ kùtùkùtù fún ìgbà mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí ooru ọ̀sán ni ó ń kó ìjì jọ.

Fún ọmọ náà, ohun méjì péré. Bí bàálù bá ti sáré dé ìdajì ọ̀nà tí kò sì tíì ní 70 nínú 100 eré tí ó fi ń gbéra, kí ó fa ọwọ́ ẹ́ńjìnì padà kí ó sì dúró; kí ó máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu kí wọ́n tó sáré rárá, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe é láìjiyàn. Èkejì ni bẹ́líìtì èjìká tí ó fi ojú ọgbẹ́ sí i lára. Òun ni kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ lu pátákó aago inú bàálù, kí ó máa fà á le bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, kí ó ṣí ẹnu ọ̀nà kí ó tó kanlẹ̀ bí àyè bá wà, kí ó jẹ́ kí fáànù iwájú dúró kí ó tó sọ̀kalẹ̀, kí ó gba ẹ̀yìn apá jáde, kí ó fi báàgì àti fóònù sílẹ̀, kí ó sì sá síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, nítorí òdìkejì rẹ̀ ni èéfín àti iná máa ń tẹ̀ sí. Ní Durango ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2018, bàálù Embraer 190 kan gbéra sínú microburst, ó já lulẹ̀ lẹ́bàá ojú ọ̀nà, iná sì jó o. Ènìyàn 103 ni ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n jáde láàyè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí ó kàn yín gan-an, ìyá wa. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá pè yín pé àwọn kò fò lónìí nítorí atẹ́gùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bi í pé owó tí ẹ ti san ńkọ́. Ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì ní kí ó ròyìn fún yín bí àpò atẹ́gùn náà ti rí lórí òpó àti ibi tí òjò ti ń ṣú bọ̀.